Ohun Àtijọ́ Tó Yí Rippleside Ká

    Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí ọbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí rédíò sókè díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àdúgbò yín gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀rọ̀ Rippleside ni, àti ti Barking àti Dagenham tó yí i ká. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá nínú wa pé kí ló wà ní Rippleside, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé títì ni, pé ilé ìkẹ́rùsí ni, pé ariwo tírélà lórí títì A13 ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ripple Road là ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, òun náà là ń gbà bọ̀. Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wa ti mọ àdúgbò yìí, tí oorun ṣì wà lójú, tí ìrònú owó ilé ṣì wà lọ́kàn.

Bí ẹ̀gbọ́n wa kan bá wá ti Ìbàdàn dé, tó ní kí a mú òun lọ wo ibi àtijọ́ nílùú Òyìnbó, ibo la máa ń mú un lọ? Ààfin Buckingham ni. Tower of London ni. A ó wọ rélùwéè, a ó náwó, a ó tò sórí ìlà títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro wá. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, ilẹ̀ ìtàn ni. Mo tún un sọ: ilẹ̀ ìtàn ni Rippleside, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún àwa náà tí à ń gbé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dàgbà jù.

Ní ọdún 1922, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ ilẹ̀ ní apá gúúsù Ripple Road, ní àbàtà tó lọ bá odò Thames. Páìpù omi ìdọ̀tí ni wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Inú ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti bá ère kan pàdé. Ère ènìyàn ni, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Egungun àgbọ̀nrín kan wà nítòsí rẹ̀.

Ọdún mélòó ni ère náà ti wà nílẹ̀? Àwọn onímọ̀ yẹ igi rẹ̀ wò, wọ́n ní nǹkan bí ọdún 2250 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ti lé ní 4000 ọdún. Nígbà náà, Róòmù kò tíì sí. Ọba England kankan kò tíì sí, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láyé. Ère yìí wà lára àwọn ère ènìyàn tó dàgbà jù lọ tí wọ́n tíì rí ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Àdúgbò wa níbí ni wọ́n sì ti rí i.

Níbo ló wà báyìí? Ó wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Valence House, ní Becontree Avenue. Bí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ má ṣe yára kọjá. Kò ga tó ìdajì mítà. Kò ní apá rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ihò méjì ni ojú rẹ̀, ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, tó fi dà bí ẹni pé ojú kan ló fi ń wo ènìyàn. Ihò mìíràn wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn títí dòní bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ohun ìrúbọ ni, pé ńṣe ni wọ́n dìídì gbé e sínú àbàtà.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí igi kò fi jẹrà fún irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ló tọ́jú rẹ̀. Atẹ́gùn kì í ráyè wọ inú irú ilẹ̀ olómi bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jẹ igi kò sì lè gbé níbi tí atẹ́gùn kò sí. Nílé wa lọ́hùn-ún, ikán kì í jẹ́ kí ère igi pẹ́ láyé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkúta, amọ̀ àti idẹ ni èyí tó dàgbà jù lọ́wọ́ wa, bí ère Ẹsìẹ́ àti orí Ilé-Ifẹ̀. Ta ló mọ iye ère igi tí àwọn baba wa ti gbẹ́ kí ikán tó jẹ wọ́n tán?

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ère yìí. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Colchester ló ni ín, ọ̀dọ̀ wọn ló sì wà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 2010, wọ́n yá Dagenham ní ère náà, ó sì padà sítòsí ibi tí wọ́n ti hú u. Àwa tí a mọ iye ohun àtijọ́ tiwa tó wà nílé àjèjì, ó yẹ kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wọ̀ wá lára.

Valence House fúnra rẹ̀ tó lọ wò. Ilé onílẹ̀ àtijọ́ ni, yàrà omi tí wọ́n gbẹ́ yí i ká ṣì wà ní apá kan. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti mọ ère náà kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n. Kò burú. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ẹ ní kí ọmọ náà mú yín lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ àárín ìlú Barking. Bí ẹ bá ti ọjà kúrò, níbi tí ẹ ti ń ra iṣu àti ata rodo, tí ẹ sì rìn díẹ̀ sí i, ẹ ó dé pápá koríko kan. Òkúta àtijọ́ tò sínú koríko níbẹ̀ bí ìpìlẹ̀ ilé. Kí ni òkúta wọ̀nyẹn?

Ilé àwọn sísítà ni. Barking Abbey ni wọ́n ń pè é. Ní nǹkan bí ọdún 666 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Erkenwald, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù London, dá a sílẹ̀ fún arábìnrin rẹ̀, Ethelburga. Ethelburga ló kọ́kọ́ jẹ olórí ibẹ̀. Àwọn Viking wá, wọ́n ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún un kọ́, ó sì tún gbilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí William gba adé England ní ọdún 1066, àwọn òpìtàn ìgbà náà kọ ọ́ pé Barking ló wá dúró sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi sí London. Odi yẹn ló padà di Tower tí à ń náwó lọ wò.

Ta ló ń ṣàkóso ilé ńlá yìí? Obìnrin ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, obìnrin ni. Olórí sísítà Barking wà ní ipò ìjòyè ńlá lábẹ́ ọba. Ó ní ilẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó ní oko, ó ní ibi ìpẹja, ó ní àwọn tó ń sìn ín. Bí ọba bá ń lọ sógun, dandan ni kí ó fi ọmọ ogun ránṣẹ́, bí ìjòyè ọkùnrin yòówù ti ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn, irú agbára obìnrin tí à ń sọ kò ṣàjèjì sí yín. Kódà, nígbà tí àwọn ènìyàn Ọba Henry Kejì pa Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket, tí ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn ọba, ọba wá ọ̀nà láti tu ìdílé Becket lójú. Kí ló fún wọn? Ní ọdún 1173, ó fi Mary Becket, arábìnrin olóògbé náà, jẹ olórí Barking.

Ìwé kíkọ náà sì wà níbẹ̀. Sísítà kan tó ń jẹ́ Clemence jókòó nínú ilé yìí ní ọ̀rúndún kejìlá, ó kọ ìtàn ayé Katherine Mímọ́ ní ewì, ní èdè Faransé tí àwọn ọlọ́lá ń sọ nígbà náà. Ẹ rò ó wò: obìnrin tó ń kọ̀wé ní Barking, ó ti lé ní 800 ọdún! Bí mo bá ní ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ìwé, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú un lọ.

Kí ló wá pa ilé náà run? Àṣẹ ọba ni. Henry Kẹjọ pa gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ rẹ́ jákèjádò England. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1539, Dorothy Barley, olórí ìkẹyìn, fa ilé náà lé àwọn aṣojú ọba lọ́wọ́. Wọ́n wó o. Wọ́n kó òjé orí òrùlé rẹ̀ lọ fi tún ààfin Greenwich ṣe, wọ́n kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé ọba ní Dartford. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìpìlẹ̀ inú koríko yẹn, àti ẹnubodè kan tó ṣì dúró ṣánṣán. Curfew Tower ni orúkọ ẹnubodè náà. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1460. Agogo kan wà lókè rẹ̀ tí wọ́n máa ń lù nírọ̀lẹ́ láti sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n bo iná wọn, kí ilé má baà jó.

Ẹ gba abẹ́ ẹnubodè náà kọjá, ẹ ó bá ara yín níwájú Ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret. Ibẹ̀ ni James Cook, ọ̀gá atukọ̀ tó tukọ̀ yí ayé ká, ti gbé Elizabeth Batts níyàwó ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1762. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má tíì lọ o. Ibi tí mo fẹ́ràn jù là ń lọ báyìí.

Nígbà tí ilé àwọn sísítà wó, ilẹ̀ wọn di títà. Ọkùnrin olówó kan, Clement Sisley, ra ilẹ̀ Eastbury ní ọdún 1556, ó sì kọ́ ilé bíríkì aláwọ̀ pupa kan síbẹ̀ tó parí ní nǹkan bí ọdún 1573. Eastbury Manor nìyẹn. Ó dúró títí dòní láàárín ilé káńsù, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Upney. Ènìyàn lè gbé àdúgbò náà fún ọdún mẹ́wàá kó máà yà síbẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀. Èmi kò rí ilé tó rẹwà tó o ní gbogbo ìlà oòrùn London.

Kí lẹ ó rí níbẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè, ẹ wo àwọn ihò èéfín rẹ̀ tó ga fíofío. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò sí ilé tó dí i lójú. Ẹni tó bá wà lókè rẹ̀ ń wo àbàtà lọ títí dé odò Thames. Lẹ́yìn náà, ẹ gun àtẹ̀gùn inú ilé ìṣọ́ rẹ̀. Igi óákù ni àtẹ̀gùn náà, ó ń lọ́ po bí ìgbín. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn ti jẹ ẹ́ lójú, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ bàtà yín bí ẹ ti ń gòkè. Nínú yàrá kan lókè, àwòrán wà lára ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó ti ṣá, apá kan sì ti ká kúrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró díẹ̀, ojú yín yóò mọ̀ ọ́n: omi, ọkọ̀, àwọn apẹja. Nínú ọgbà lẹ́yìn ilé, ẹ wo ara ògiri dáadáa. Wọ́n dá àlàfo kéékèèké sí i tí wọ́n ń gbé agbọ̀n oyin sí, kí òjò má baà pa oyin.

Àwọn kan máa ń sọ pé inú ilé yìí ni wọ́n ti gbìmọ̀ láti fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1605. Ìtàn ẹnu lásán ni. Àwọn òpìtàn kò rí ẹ̀rí kankan. Ilé náà kò nílò irọ́ kó tó níyì.

Àwọn apẹja ara ògiri yẹn mú mi dé orí odò. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú apẹja ni Barking? Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdílé Hewett nìkan ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní Short Blue, nítorí àsíá búlúù tí ọkọ̀ wọn ń ta. Òkun Àríwá ni wọ́n ti ń pẹja. Kí ni ìṣòro wọn? Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Báwo ni ẹja yóò ṣe dé ọjà Billingsgate láìbàjẹ́?

Yìnyín ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá dé, àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí á jẹ́ kí omi bo pápá wọn. Omi á dì lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé á jáde lọ fọ́ yìnyín, wọ́n á kó o sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n á tà á fún ìdílé Hewett. Ilé kan tí ògiri rẹ̀ nípọn gan-an ni wọ́n ń kó o sí, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ìgbà ooru. Ọkọ̀ tó yára ni yóò wá máa gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja lójú òkun, tí yóò máa fi yìnyín gbé e wá sí London. Àwọn apẹja fúnra wọn lè wà lórí omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó fojú kan ilé. Iṣẹ́ náà le. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1863, ìjì kan jà nítòsí etíkun Holland, 60 ọkùnrin àti ọmọkùnrin Barking ló bá a lọ. Nígbà tí rélùwéè sì dé etíkun Yarmouth, tó ń yára gbé ẹja ju ọkọ̀ ojú omi lọ, ìdílé Hewett kó lọ síbẹ̀, iṣẹ́ ẹja Barking sì kú.

Itẹ́ òkú Rippleside tún wà, ní ojú Ripple Road gan-an, láti ọdún 1886. Àwọn kan nínú yín ti lọ síbẹ̀ rí fún ìsìnkú. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ béèrè ibojì Job Drain. Ọmọ Barking ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní Le Cateau, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, láti lọ fa ìbọn àgbá padà lójú àwọn ọmọ ogun Jámánì. Victoria Cross, àmì akin tó ga jù lọ ní Britain, ni ọba fi dá a lọ́lá. Nígbà tó padà dé, kí ló ṣe? Ó ru ẹja lọ́jà, ó wa bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹgbẹ́ yín ni.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Báwo ni àwọn ibi wọ̀nyí ṣe kù títí dòní? Ẹ má rò pé wọ́n kàn kù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko ni Eastbury dà. Wọ́n ń so ẹṣin sínú yàrá ìsàlẹ̀, òrùlé ń jò, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n wó o. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ ló figbe ta, tí wọ́n sì wá owó, títí àjọ National Trust fi rà á ní ọdún 1918. Ènìyàn ló dá a dúró, àwọn tó wọ inú rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ó dára.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ireland tó ń jẹ́ Kilkenny. Ní ọdún 1967, ìdílé tó ni ilé olódi ibẹ̀ fi í lé ará ìlú lọ́wọ́ ní 50 pọ́n-ùn. Lónìí, ará Kilkenny ti so ilé olódi náà àti kàtídírà wọn pọ̀ mọ́ra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, àlejò sì ń ti ibi gbogbo wá rìn ín. Ìtàn Barking kò kéré sí ti Kilkenny rárá. Ohun tó kù ni pé tiwa fọ́n káàkiri, títì ńlá pín in níyà, a kì í sì í sọ ọ́ jáde. Owó káńsù tí à ń san ń lọ sídìí ìtọ́jú Valence House àti Eastbury. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá pọ̀ níbẹ̀, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí ẹsẹ̀ ènìyàn níbẹ̀, ó rọrùn. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwa Yorùbá wà lára àwọn ẹsẹ̀ yẹn.

Báwo lẹ ó ṣe lọ? Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Upney fún Eastbury. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Barking fún pápá àwọn sísítà àti Ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret. Ẹsẹ̀ la fi ń dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló dára jù fún Valence House. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago o, nítorí ilẹ̀kùn kì í ṣí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ má tijú láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ìbéèrè gan-an ni wọ́n ń retí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní irú àkókò yìí, a ó lọ sí Dagenham, sí ilé iṣẹ́ Ford. A ó gbọ́ bí àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ṣe pa iṣẹ́ tì ní ọdún 1968, nítorí owó iṣẹ́ wọn kò tó ti ọkùnrin.